Ìbọn Ọdẹ Kì í Ṣe Ère

Orin kan ti wà lẹ́nu àwa èwe orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan á gbé fọ́tò ìbọn bàbá bàbá rẹ̀ síta. Wọ́n ti fi pákó tuntun sí ìdí rẹ̀, wọ́n sì ti pààrọ̀ apátí rẹ̀. Kíá, àwọn olùfẹ́ àṣà á bẹ̀rẹ̀: "Ẹ ti ba ogún jẹ́! Kì í ṣe ojúlówó mọ́!" Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé inú pákó ni ojúlówó ìbọn wà?

Kóòdù ni mò ń kọ jẹun, n kì í ṣe ọdẹ. Ṣùgbọ́n ní Ìkògòsì, ní Arámọkọ, ní Ẹ̀fọ̀n, níbi tí ilé àti igbó ti fara kanra, irinṣẹ́ ni ìbọn ṣì jẹ́. Òun ni wọ́n fi ń wá ọ̀yà àti àparò. Irinṣẹ́ tí kò ṣiṣẹ́, ẹrù lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká bi ìtàn. Òkè-Ìmẹ̀sí ò jìnnà sí Ìkògòsì. Ọmọ ibẹ̀ ni Fábùnmi, tó dìde sí ìjọba Ìbàdàn nínú ogun Kírìjì, ogun tó jà láti 1877 títí di 1893. Ìró ìbọn ló fún ogun náà lórúkọ. Nígbà tí ṣakabùlà tí wọ́n ń ki láti ẹnu kò tó mọ́, Èkìtìparapọ̀ ò sọ pé "ti bàbá wa nìyí, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀". Àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó bá wọn wá ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí, Ìbàdàn sì mọ̀ ọ́n lára. Ṣakabùlà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọjà òkèèrè ni. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ló gbà á, tí wọ́n ń tún un ṣe, tí wọ́n sì ń rọ tiwọn, títí tó fi di tiwa. Àtúnṣe ló sọ ọ́ di ìbọn Yorùbá.

Nítorí náà, n ò bá ẹni tó pààrọ̀ pákó tó ti jẹrà jà. Ẹgbẹ́ kejì ni mo ní ìjà pẹ̀lú: àwọn tó gbà pé kí ìbọn ṣáà ti dún, ó parí.

Ẹ wo ìbọn ẹlẹ́nu tín-ín-rín. Nọ́ńbà 12 túmọ̀ sí pé bọ́ọ̀lù òjé méjìlá tó bá ẹnu ìbọn náà mu á wọn pọ́n-ùn kan. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹnu ń kéré sí i: 20 kéré sí 12, 28 kéré sí 20. Ti .410 yàtọ̀, ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ ní íńṣì nìyẹn, ó sì kéré ju gbogbo wọn lọ. Kátíríìjì 12 ló wọ́pọ̀ lọ́jà wa, ìdí nìyẹn tó fi lè wu ẹni tó jogún ìbọn kékeré pé kí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀. Irin tí wọ́n gbẹ́ ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, agbára tó máa gbà kọjá sì ti pọ̀ sí i! Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pá ìbọn àtijọ́ tí wọ́n rọ fún ẹ̀tù dúdú: kátíríìjì òde òní lè fọ́ ọ mọ́ ẹni tó ń yìn ín lọ́wọ́. Ìka àti ojú lèèyàn fi ń san gbèsè yẹn.

Òfin náà wà ńbẹ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ya ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu sọ́tọ̀ sí ìbọn oníkátíríìjì. Ẹni tó bá sọ ọ̀kan di èkejì kò tún nǹkan ṣe, nǹkan mìíràn ló dá sílẹ̀.

Kí wá ni òṣùwọ̀n? Lójú tèmi, àtúnṣe kọ́ ló ń sọ nǹkan di ayédèrú. Fífi àtúnṣe pamọ́ ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá gé ọ̀pá ìbọn tó ti jẹ, tí wọ́n fi ọ̀pá tuntun bọ ìdí rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí ilé ìdánwò ìbọn, ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí ti Birmingham. Wọ́n á yìn ín wò pẹ̀lú agbára tó ju ti ojoojúmọ́ lọ. Tó bá yege, ọ̀rọ̀ náà "SLEEVED" á wà lára irin rẹ̀. Owó rẹ̀ lè wálẹ̀ lójú àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ èyí dáadáa. Ojoojúmọ́ là ń yí kóòdù àtijọ́ padà, àmọ́ Git ń tọ́jú ẹni tó yí i, ọjọ́ tó yí i, àti bó ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ tí ìbọn kàn, bí pákó bá jẹrà, ẹ jẹ́ kí ẹni tí òfin fún láṣẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀, ẹ tọ́jú èyí tí wọ́n yọ. Ọ̀pá ìbọn ni kí ẹ má fi ṣeré. Bí kò bá lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ rọ ọ́ mọ́, kó sinmi. Èyí tó ń sinmi náà, ẹ má fi tage: àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun?

Ẹ̀yin tó ń pariwo "ojúlówó" lábẹ́ fọ́tò ńkọ́? Nígbà mìíràn, ẹ bi olówó ìbọn ní ìbéèrè tó lérè: kí lẹ yí padà, ta ló yí i, níbo sì ni èyí àtijọ́ wà?