Ọmọ Ikọ̀ Ìjọba àti Èdè Ilé Baba Rẹ̀

Ó ti di àṣà láàrin àwa ará Òkun pé bí ìjọba bá yan ọmọ wa kan láti ṣe ikọ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, a óò pé jọ, a óò gbàdúrà, a óò sì jẹ àsè. Èyí dára. Ṣùgbọ́n kí àsè náà tó parí ni àwọn olùmọ̀ràn kan ti máa ń pe aya ikọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọn a sì wí pé: "Ìyàwó wa, láti òní lọ, ẹ má ṣe sọ èdè wa sí àwọn ọmọ yìí mọ́. Ẹ jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì mọ́ wọn lẹ́nu, kí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn." Ìmọ̀ràn yìí ni àwa dìde sí lónìí, a kò sì ní fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: ìmọ̀ràn burúkú ni.

Àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ rò pé orí ọmọ dàbí agbọ̀n kékeré, tí èdè kan kò lè wọ inú rẹ̀ àfi bí a bá kọ́ da èkejì nù. Ǹjẹ́ wọn kò ha gbọ́ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970? Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọn kò rẹ̀yìn rárá, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kò yà wá lẹ́nu. Ọmọ tí ó ti mọ ohun tí ìdajì jẹ́ ní èdè ìyá rẹ̀, orúkọ tuntun nìkan ni ó kù fún un láti kọ́ ní London tàbí ní Brasília.

Ẹ wo Àjàyí Crowther. Kì í ṣe ọmọ ikọ̀. Ẹrú ni a kó o ní Òṣogùn ní 1821. Ó dé Sierra Leone ní 1822, ó sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní England ní 1826. Ó gbọ́ èdè àjèjì ní àgbọ́yé. Síbẹ̀, ní 1843, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó tẹ̀ jáde. Nígbà tí ó sì tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, ó bá a sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti gbàgbé èdè ni, ògbufọ̀ ni ìbá dúró láàrin ìyá àti ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí pẹ̀lú. Ẹni tí ó ṣí lọ lè kọ́lé sí ọ̀hún. Ikọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìjọba yóò pè é wálé tàbí kí ó rán an lọ sí ibòmíràn. Ọmọ rẹ̀ lè máa fi Faransé kàwé lónìí, kí ó sì bọ́ sí Potogí lọ́la. Aṣọ ni àwọn wọ̀nyí, a ń wọ̀ wọ́n, a sì ń bọ́ wọn; èdè ilé ni awọ ara. Àdéhùn Vienna ti 1961 dá ààbò bo ọmọ ikọ̀ ní ilé ikọ̀, ṣùgbọ́n kò dá ààbò bo èdè ẹnu rẹ̀. Òbí rẹ̀ àti àwa nìkan ni ó ní. Ìkíni wa ni ayé fi sọ wá ní Òkun, ìbáà ṣe Owé tàbí Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọ̀rọ̀. Ọmọ tí ìyá àgbà bá kí báyìí ní Kàbbà, tí ó sì ń wò ó bí àlejò, orúkọ ara rẹ̀ ni kò lè jẹ́.

Kí wá ni ìrànlọ́wọ́ tòótọ́? Kí ìdílé náà tó lọ, kí a bá wọn kó ìwé ìbí, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìwé àbájáde ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ jọ. Kí àwọn òbí kọ orúkọ ọmọ fún olùkọ́ ọ̀hún pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí wọn sì kọ́ ọ bí a ti ń pè é, kí a má baà sọ ọmọ ní orúkọ mìíràn nítorí ọ̀lẹ ahọ́n. Kí wọn ṣàlàyé fún un pé ọmọ tí ó wolẹ̀ nígbà tí àgbà ń bá a wí kò ṣe àgàbàgebè. Ọ̀wọ̀ ni ó ń fi hàn. Ní ilé, kí èdè wa jẹ́ èdè oúnjẹ, èdè àdúrà àti èdè àlọ́. Kí ìyá àgbà máa bá wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìwọ ẹgbẹ́ wa, má ṣe kó owó àsè nìkan jọ: di ẹrù ìwé Yorùbá kan fún ìdílé kọ̀ọ̀kan tí ń lọ. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ọmọ náà bá padà dé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ahọ́n rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà ní kíláàsì. Ẹ̀gàn bẹ́ẹ̀ a máa pa èdè ju ọkọ̀ òfuurufú lọ.

Ẹni tí ó bá sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Ẹ má jẹ́ kí a so ó mọ́ àwọn ọmọ wa lọ́rùn ní ọjọ́ àsè.