Ta ni ó yẹ kí ó gòkè lọ tún gùtíyẹ̀ ṣe?

Omi abẹ́ ilẹ̀ jìn púpọ̀ ní Kétu àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbẹ́ kànga níbẹ̀ yóò náwó, yóò sì lo ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó kan omi, bí ó bá tilẹ̀ kàn án. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ agbo ilé fi ní sìtẹ́ẹ̀nì, èyíinì ni kòtò ńlá tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ nínú, tí omi òjò ń ti orí páànù ṣàn wọ̀. Láyé àwọn baba ńlá, ìkòkò ni wọ́n ń gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Lónìí, gùtíyẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà: irin tàbí ike gígùn, oníkòtò bí ọpọ́n, tí àwọn kọ́lékọ́lé ń so mọ́ etí òrùlé kí ó lè gba omi, kí ó sì darí rẹ̀ sínú ọ̀pá tí ń gbé e lọ sí sìtẹ́ẹ̀nì.

Omi tí ó ń gba ibẹ̀ kọjá kì í ṣe kékeré. Bí òjò bá rọ̀ tí ó jẹ́ mílímítà 1, lítà omi 1 ni ó bọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan lára òrùlé. Òjò tí ń rọ̀ ní Kétu láàárín ọdún kan tó nǹkan bí mílímítà 1 000. Òrùlé tí ó gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 5, jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 50. Omi tí ó bọ́ sórí rẹ̀ lọ́dún yóò tó lítà 50 000. Bí ìdá kan nínú márùn-ún bá ta dànù tàbí tí oòrùn fà á gbẹ, lítà 40 000 ló kù fún ilé. Ẹni tí ó ti ra omi ní garawa garawa ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí ó wà lára ilé, gùtíyẹ̀ ni ojú kì í sábà dé, nítorí pé ó wà lókè. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, ọyẹ́ a máa gbé eruku wá, igi máńgòrò a máa wọ́wé, ẹyẹ a máa yàgbẹ́ sórí páànù, alángbá a máa kú sínú gùtíyẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì máa gbé ọ̀rá omi tí ènìyàn mu tán jù sí i. Gbogbo rẹ̀ yóò para pọ̀ di ẹrẹ̀ dúdú. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, bí gùtíyẹ̀ kò bá tíì dí pátápátá, ìdọ̀tí náà yóò bá omi lọ sínú sìtẹ́ẹ̀nì, ibẹ̀ ni àwọn ará ilé yóò sì ti máa bu omi mu. Bí ó bá ti dí, omi yóò kún un, yóò ya dànù, ara ògiri ni yóò sì máa gbà sọ̀kalẹ̀.

Ní Àjàṣẹ́, ògiri yìí ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Ní àwọn àdúgbò àtijọ́, a ṣì ń rí àwọn ilé tí àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíìlì padà dé kọ́, àti àwọn ilé tí a kọ́ ní àwòṣe tiwọn. Amọ̀ pupa ni ọ̀pọ̀ nínú ògiri wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n rẹ́ ẹ lóde. Amọ̀ kò ní ọ̀tá tí ó ju omi lọ. Níbi tí gùtíyẹ̀ bá ti ń ya omi sí ojú kan ṣoṣo lọ́dọọdún, ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri yóò ṣí, amọ̀ yóò mumi, ìdí ògiri yóò rọ̀, ọjọ́ kan ni yóò sì wó. Owó tí ènìyàn yóò fi tún irú ògiri bẹ́ẹ̀ mọ kò ṣeé fi wé wákàtí méjì tí ó yẹ kí ó fi kó ewé kúrò lókè.

Kí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wá ń ṣe? Wọ́n ń dúró. Wọn a dúró títí òjò yóò fi rọ̀, tí omi yóò sì máa dà sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà náà ni ìyá tàbí bàbá yóò wo àwọn ọmọ inú ilé, yóò sì pe èyí tí ó fúyẹ́ jù: «Gòkè kíá, fi ọwọ́ kó o dànù!» Ọmọ náà kò lè kọ̀. Páànù ti tutù, ó ń yọ̀. Kò sí ẹni tí ó di àkàbà mú. Okùn iná mànàmáná gba ẹ̀gbẹ́ òrùlé kọjá. Àṣà yìí kò dára, àwọn àgbà ilé ló sì yẹ kí ó fòpin sí i, nítorí àwọn ni wọ́n ń rán ọmọ náà.

Àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àwíjàre kan tí kì í ṣe irọ́. Wọ́n ní páànù fẹ́lẹ́ kò lè gba àgbàlagbà: bí ó bá tẹ̀ ẹ́, yóò kọ́, ihò ìṣó yóò sì máa jò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí àwíjàre náà fi hàn ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró lórí páànù. Kò fi hàn pé ọmọdé ni kí ó gùn ún. Etí òrùlé ni gùtíyẹ̀ wà. Orí àkàbà ni ènìyàn ti lè ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ kan òrùlé.

Àgbàlagbà méjì ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ tí yóò di àkàbà mú. Bí ibi tí àkàbà fara tì bá ga ní mítà 4, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà 1. Kí ó má ṣe fara ti gùtíyẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí gùtíyẹ̀ yóò tẹ̀, ibi tí ó bá tẹ̀ ni omi yóò sì máa dúró sí láti ọjọ́ náà lọ. Ara ògiri tàbí igi òrùlé ni kí ó fara tì. Ẹni tí ó wà lókè kò gbọdọ̀ nà jù láti mú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Kí ó sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n sún àkàbà. Sísún yìí ni ó máa ń sú ènìyàn, òun náà ni kì í sì jẹ́ kí ó ṣubú. Níbi tí okùn iná bá sì ti súnmọ́ etí òrùlé, kí a má ṣe gbé àkàbà onírin tàbí ọ̀pá irin débẹ̀ rárá.

Ní ti ohun èlò, kò sí èyí tí ó wọ́n nínú wọn. Bídọ́ọ̀nù òróró tí ó ti ṣófo, tí ó sì ní ọwọ́, ni ó dára jù. Bí a bá fi ọ̀bẹ gé ìdí rẹ̀ kúrò, tí a sì gé ẹnu rẹ̀ kí ó bá ikùn gùtíyẹ̀ mu, ó di ìkó tí kì í ha irin. Irin tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń rẹ́ ògiri yára jù ú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ó bá ha ni ìpáàrà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Garawa kan tí a fi okùn so mọ́ àkàbà, ìbọ̀wọ́ nítorí etí páànù àti àkeekèé, ìgbálẹ̀ kúkúrú kan, àkísà kan: ó parí. Fún ilé tí kò ga, oparun tí a so ìkó mọ́ lórí lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà láti ilẹ̀.

Àkísà yẹn ni ọ̀pọ̀ kì í rántí, bẹ́ẹ̀ òun ni a kọ́kọ́ ń lò. A ó fi dí ihò tí omi ń gbà wọ inú ọ̀pá, kí ìdọ̀tí má baà bọ́ síbẹ̀. Ẹ̀bá ihò náà ni kíkó yóò ti bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì máa lọ sí òpin kejì. Ẹni tí ó bá ti òpin kejì bọ̀ yóò máa ti ẹrẹ̀ síwájú, yóò sì fi dí ojú ihò. Inú garawa ni kí a da ohun tí a bá kó sí, kì í ṣe sí ìdí ògiri. Ewé jíjẹrà náà dára ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Lẹ́yìn kíkó, kí a tú ọ̀pá kúrò lẹ́nu sìtẹ́ẹ̀nì, kí a yọ àkísà, kí a wá da omi láti òpin tí ó jìnnà sí ihò. Bí omi bá ń kún padà, inú ọ̀pá ló dí, oparun tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ó sì fi tì í. Bí omi bá dúró sí ojú kan lẹ́yìn tí ìyókù ti lọ, gùtíyẹ̀ ti tẹ̀ níbẹ̀, kí a gbé e sókè. Ó yẹ kí ó máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀nà ihò, ó kéré tán mílímítà 5 lórí mítà 1 kọ̀ọ̀kan. Kí a má ṣe lo ọṣẹ: omi mímu ni yóò gba ibẹ̀ kọjá.

Lórí fóònù, àwọn kan ti rí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ ewé dànù, àti ẹ̀rọ tí ń ta omi tagbáratagbára, wọ́n sì rò pé láìsí wọn iṣẹ́ kò lè ṣe é ṣe. Fún gùtíyẹ̀ mítà 10, ẹni tí ó ní ìkó bídọ́ọ̀nù yóò ti parí kí ẹni tí ó lọ yá ẹ̀rọ tó padà dé. Omi alágbára sì lè tú ibi tí a ti so gùtíyẹ̀ pọ̀. Àwọ̀n onírin tí a ń tẹ́ lé e lórí wúlò níbi tí igi bá ti bo ilé, ṣùgbọ́n ewé ńlá nìkan ni ó ń dá dúró. Eruku ọyẹ́ ń gba ojú rẹ̀ kọjá.

Kíkó ewé nìkan kò sì tó. Ó yẹ kí a fi ìgbálẹ̀ ha ẹ̀gbẹ́ inú gùtíyẹ̀. Ẹ̀fọn kan wà, dúdú, tí ó ní àmì funfun lẹ́sẹ̀, tí ń jẹ ènìyàn lójú ọ̀sán. Òun ló ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ àti àrùn dẹ́ńgè kiri, dẹ́ńgè tí ó bá àwọn ènìyàn jà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2019. Ara ohun tí ń gba omi dúró, ní ẹ̀bá ojú omi, ni ó ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́. Ẹyin náà lè wà ní gbígbẹ fún oṣù púpọ̀ láìkú. Ní ọjọ́ tí omi bá kàn án ni yóò pa, láàárín nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 yóò sì ti di ẹ̀fọn tí ń fò. Nítorí náà, gùtíyẹ̀ tí ó gbẹ ní oṣù Kejì kì í ṣe gùtíyẹ̀ tí ó mọ́.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti mọ́ tán, kí ọ̀pá ṣì wà lóde sìtẹ́ẹ̀nì nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń rọ̀, kí òjò náà fọ òrùlé. Omi rẹ̀ dára fún aṣọ fífọ̀ àti ilẹ̀ fífọ̀.

Ní Kétu àti Àjàṣẹ́, níbi tí òjò ti ń rọ̀ ní ìgbà méjì lọ́dún, ìparí oṣù Kejì àti ìparí oṣù Kẹjọ ni ó yẹ kí a ṣe iṣẹ́ náà. Ní Ṣábẹ, òjò kan ṣoṣo tí ó gùn ló wà. Ibẹ̀, ìparí oṣù Kẹta ni, àti ẹ̀ẹ̀kan sí i láàárín òjò fún ilé tí igi kájú tàbí máńgòrò bá bò.

Ó ku ìjà kan, ìjà àwọn ilé tí ayálégbé pọ̀ sí. Ayálégbé yóò sọ pé: «Bàbá onílé, ilé yín ni.» Onílé yóò dáhùn pé: «Ẹ̀yin ni ẹ ń mu omi rẹ̀.» Òjò yóò sì bá wọn lórí ọ̀rọ̀ náà. Títún gùtíyẹ̀ so, ríra tuntun àti yíyá àkàbà yẹ kí ó jẹ́ ti onílé, nítorí ohun ìní rẹ̀ ni. Kíkó ewé àti fífọ̀ yẹ kí ó jẹ́ ti àwọn tí ń gbé inú ilé, ní yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ilé. Lára ògiri, lẹ́bàá sìtẹ́ẹ̀nì, ẹni tí ó bá mọ̀wé kọ nínú wọn lè máa kọ ohun mẹ́ta: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, orúkọ àgbàlagbà tí ó gun àkàbà, àti orúkọ ẹni tí ó dì í mú.