Kọ̀ǹpútà Ọmọ tí Ń Lọ sí Yunifásítì



Gbogbo ìgbà tí èsì ìdánwò bac bá jáde, tí àwọn ọmọ sì ń múra àtiwọ Yunifásítì Lomé, ìbéèrè kan ni a máa ń gbọ́ lẹ́yìn Mísà: irú kọ̀ǹpútà alágbèéká wo ni kí a rà fún ọmọ? Ìyá kan láàárín wa, oníṣòwò aṣọ, kó odidi owó àjọ rẹ̀ lé èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ń dán gbinrin. Kò pé ọdún méjì tí ó fi kú. Ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tú u, ó ní RAM àti ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, òjé ni wọ́n fi lẹ̀ wọ́n mọ́ pátákó inú rẹ̀. Àfi kí a pààrọ̀ odidi pátákó náà, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti tuntun. Ẹni tí yóò rà á bí ó ti wà kò sí. Ọmọ náà ń yá ti ọ̀rẹ́ lóru láti fi kọ ìwé àṣekágbá rẹ̀.

Lójú tiwa, tòkunbọ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Yúróòpù ti lò sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. ThinkPad, Latitude àti EliteBook ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan a máa rà wọ́n lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a sì kó wọn jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pọ̀ káàkiri, tí èyí tí ó ti kú fi ń di ẹ̀yà ara fún èyí tí ó ṣì wà láàyè. Ẹ wo ThinkPad T480 tí ó jáde ní 2018: síkúrù ni ó di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, àyè RAM méjì ni ó ní, bátìrì ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣeé fi ọwọ́ lásán yọ. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó o. ThinkPad ni X1 Carbon náà, òjé ni wọ́n sì fi lẹ RAM tirẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní ẹbí ní Faransé, kí ó ránṣẹ́ sí wọn. Láti ọdún 2021 ni òfin ibẹ̀ ti pàṣẹ pé kí máàkì àtúnṣe, lórí 10, wà lára kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun nínú ìsọ̀. Kí wọ́n wo máàkì náà kí wọ́n tó wo àwọ̀.

Ohun kan wà tí ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kò sì sábà gba Intel tí ó ṣáájú ìran kẹjọ. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé i5 ni kí ẹ wò: i5-8250U dára; i5-6300U ti darúgbó, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó, àfi bí ọmọ bá mọ Linux lò.

Bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ńkọ́? AZERTY ti Faransé ni ó mọ́ àwọn ọmọ wa lọ́wọ́. Èyí tí ó bá ti Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù wá, QWERTY ni. Ó ṣeé lò, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ títà ní Lomé, olùrà yóò fi ìyẹn yọwó.

Níwájú ẹni tí ń tà á ni kí ẹ ti tàn án, kí ẹ pa á, kí ẹ tún tàn án. Bí ó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kí Windows tó yọjú rárá, ẹ fi í sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé olóhun ṣì ń wá a, a kò sì fẹ́ kí ọmọ wa fi ohun olè kàwé. Ẹ gba rìsíìtì. Kí ọmọ tọ́jú ṣájà tí ó bá a wá, kí ó má lẹ àwòrán mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n gbọn eruku ọyẹ́ kúrò ní ojú ihò atẹ́gùn rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ó bá gba lísáǹsì tán lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tí ń wọlé bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò rà á.