Olè Wọ Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́: Ta Ló Máa Gbọ́ Ìkìlọ̀?

Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú, tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù lóṣù kẹfà ọdún 2023, sọ ọ́ kedere: bí ìsọfúnni àwọn èèyàn bá bọ́ sọ́wọ́ olè, tí ewu sì lè tìdí ẹ̀ yọ, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ NDPC létí láàárín wákàtí 72 tó bá ti mọ̀. Òfin yìí ò yọ ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìbéèrè wa ni pé: báwo la ṣe máa mọ̀? Olè orí kọ̀ǹpútà kì í fọ́ ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní intrusion detection system nìyẹn. Bí firewall bá jẹ́ géètì, ẹ̀rọ yìí ni ọlọ́dẹ tó ń rìn káàkiri ọgbà. Ó ní àkọsílẹ̀ ọgbọ́n táwọn olè ti lò rí, ó sì ń fi ohun tó ń wọlé àtohun tó ń jáde wé e. Ó tún mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí lójoojúmọ́: bí kọ̀ǹpútà akápò bá ṣàdédé ń kó fáìlì ránṣẹ́ síta láago méjì òru, á pariwo. Àmọ́ kì í fúnra ẹ̀ mú olè.

Ẹ wo Target, iléeṣẹ́ ìtajà ńlá ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2013. Àwọn olè jí páásíwọ́ọ̀dù iléeṣẹ́ kan tó ń bá wọn tún fíríìjì ṣe, wọ́n sì gbabẹ̀ wọlé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wọn kìlọ̀ kí ẹrù tó jáde, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Ìsọfúnni nǹkan bíi mílíọ̀nù 40 káàdì báńkì ló lọ. Ní 2017, Target gbà láti san mílíọ̀nù 18.5 dọ́là fáwọn ìpínlẹ̀ 47 àti ìlú Washington.

Ní tiwa, kì í ṣe owó àjọ nìkan ló wà nílẹ̀. Ìwé orúkọ ẹgbẹ́ ló sọ ibi tí kálukú wa ń gbé nílùú onílùú. Lọ́jọ́ tí ìlú bá dàrú, kò yẹ kírú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tá ò mọ̀.

Ẹgbẹ́ kékeré lè má lówó ẹ̀rọ ńlá. Ṣùgbọ́n Google máa ń kìlọ̀ bí fóònù àjèjì bá wọ ímeèlì èèyàn. Ta ló ń ka ìkìlọ̀ yẹn lẹ́gbẹ́ yín? Bó bá jẹ́ akọ̀wé tó ti fipò sílẹ̀ ni, ẹ yí i padà. Ẹ yan ẹni méjì tí ìkìlọ̀ á máa dé ọ̀dọ̀ wọn, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìpàdé.