ÀGBÉYẸ̀WÒ: Ṣé ìmọ̀ ẹ̀rọ ti sáré kọjá agbára wa? Nígbà tí wọ́n bá ń pe òótọ́ ní iṣẹ́ AI

Ìṣẹ́jú-àáyá 3 péré. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí ilé-iṣẹ́ Microsoft kéde ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní VALL-E. Wọ́n ní tí ẹ̀rọ náà bá ti gbọ́ ohùn èèyàn fún ìṣẹ́jú-àáyá 3, ó lè fi ohùn yẹn sọ ọ̀rọ̀ tí ẹni náà kò sọ rí. Ẹ wo fọ́ìsì nóòtì tí ẹ fi ránṣẹ́ kẹ́yìn lórí WhatsApp. Ó ṣeé ṣe kó gùn ju ìṣẹ́jú-àáyá 3 lọ dáadáa.

Irú ìròyìn báyìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa béèrè bóyá ìmọ̀ ẹ̀rọ ò ti ń lọ jìnnà jù. Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe máa ń yẹ àhesọ wò: kí ni ẹ̀rí fi hàn?

Irọ́ ti wà kí AI tó dé

Ní oṣù Keje ọdún 2014, àrùn Ebola wọ Nàìjíríà láti Làìbéríà. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti ń lọ láti orí fóònù kan sí òmíràn pé kí àwọn èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀, kí Ebola má bàa mú wọn. Kò sí fọ́nrán níbẹ̀, kò sí ohùn ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ lásán ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ó kéré tán èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Ọdún 2018 ńkọ́? Àhesọ gbòde nígbà náà pé Ààrẹ Muhammadu Buhari ti kú, pé ará Sudan kan tó ń jẹ́ Jibril ló ń ṣe ìjọba ní Aso Rock. Ní oṣù Kejìlá, nígbà tí Buhari lọ sí Poland fún ìpàdé lórí ìyípadà ojú-ọjọ́, wọ́n bi í léèrè lójúkorojú níbi tó ti ń bá àwọn ọmọ Nàìjíríà sọ̀rọ̀. Ó fèsì pé òun gan-an ni. Ẹ ò rí nǹkan? Ààrẹ orílẹ̀-èdè ló ń fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé pé òun kì í ṣe ẹlòmíràn.

Ìmọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ni mo kà ní yunifásítì. Ohun tí mo mú bọ̀ níbẹ̀ ni pé kí irọ́ tó ta gbòǹgbò, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà fún un. Ìbẹ̀rù Ebola ni ilẹ̀ tí irọ́ omi iyọ̀ bá pàdé. Ní ti Jibril, Buhari lo ju ọjọ́ 100 lọ ní London fún ìtọ́jú ní 2017, ìjọba kò sì sọ àìsàn tó ń ṣe é fún aráàlú. Níbi tí ìjọba bá ti ń fi nǹkan pamọ́, àhesọ ló máa ń dí àlàfo ibẹ̀.

Kí ló wá yí padà?

Ohun tó yí padà ni owó àti àsìkò tí irọ́ ń gbà. Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ ṣe fọ́nrán ayédèrú tó dán mọ́rán gbọ́dọ̀ ní kámẹ́rà, òṣèré àti ẹni tó mọ fọ́nrán tò. Lónìí, fóònù àti dátà ti tó.

Ẹ wo Burkina Faso. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, àwọn fọ́nrán kan jáde tí àwọn tó jọ ọmọ Amẹ́ríkà ti ń rọ àwọn ará Burkina Faso pé kí wọ́n ti ìjọba ológun lẹ́yìn. Kò sí èèyàn kankan nínú wọn. Ẹ̀rọ Synthesia, ti ilé-iṣẹ́ kan ní London, ni wọ́n fi ṣe wọ́n.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, kété lẹ́yìn tí wọ́n yan Póòpù Leo Kẹrìnlá, fọ́nrán oníṣẹ́jú 36 kan tún jáde lórí YouTube. Nínú rẹ̀, Póòpù ń bá Ibrahim Traoré, olórí ìjọba ológun Burkina Faso, sọ̀rọ̀. Vatican News, iléeṣẹ́ ìròyìn Vatican, ṣàlàyé pé AI ni wọ́n fi ṣe é. Àwòrán tí wọ́n lò wá láti ọjọ́ tí Póòpù gba àwọn oníròyìn lálejò. Ẹ̀rọ ló ṣe fọ́nrán náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní sí Traoré ló gbé e rìn.

Èyí tó sún mọ́ ilé jù ni ìpolówó oògùn. Àwọn aṣàyẹ̀wò ìròyìn ní Nàìjíríà ti tú àṣírí ọ̀pọ̀ fọ́nrán orí Facebook tí wọ́n ti fi ojú àti ohùn àwọn gbajúmọ̀ olùkàròyìn tẹlifíṣọ̀n polówó oògùn tí wọ́n ní ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn pátápátá. A máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Báyìí, ojú gan-an ti di ohun tí wọ́n lè yá lò. Tí ìyá yín bá rí olùkàròyìn tó ń wò lálaalẹ́ tó ń polówó irú oògùn yẹn, tó wá pa èyí tí dókítà fún un tì, ta ló máa mọ̀? Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo kó tó di rọpárọsẹ̀.

Òótọ́ tí wọ́n pè ní irọ́

Fọ́nrán ayédèrú nìkan kọ́ ni ewu tó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Gabon, ní Àárín Gbùngbùn Áfíríkà.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, àìsàn kọlu Ààrẹ Ali Bongo ní Saudi Arabia. Àwọn agbẹnusọ rẹ̀ kọ́kọ́ ní ó rẹ̀ ẹ́ gidigidi ni. Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, aráàlú kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tí ọdún 2019 wọlé, ìjọba gbé fọ́nrán kan jáde tí Bongo ti ń kí aráàlú kú ọdún. Ojú rẹ̀ kò ṣẹ́ bó ṣe yẹ, apá rẹ̀ kan kò sì fi bẹ́ẹ̀ mira. Ni àwọn kan bá ní kì í ṣe òun, pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní, àwọn ọmọ ogun kan gba iléeṣẹ́ rédíò ìjọba. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọdún tuntun náà ti mú kí àwọn máa ṣiyèméjì bóyá ààrẹ ṣì lè ṣiṣẹ́. Ìdìtẹ̀gbàjọba náà kò yọrí sí rere. Ìjọba ní méjì nínú wọn kú.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ fọ́nrán náà wò lẹ́yìn náà, wọn kò rí ẹ̀rí pé ayédèrú ni. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló ṣe ọkùnrin náà. Ìyẹn ni pé fọ́nrán AI kankan kò sí níbẹ̀. Kí àwọn èèyàn ti mọ̀ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà láyé nìkan ti tó láti dá kún wàhálà.

Nàìjíríà náà ti tọ́ ọ wò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ, ohùn ìpè kan jáde tí wọ́n ní ti Peter Obi àti Bíṣọ́ọ̀bù David Oyedepo ni. Obi ní ayédèrú ni. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn mìíràn ní ohùn rẹ̀ ni. A kò ní dá ẹjọ́ náà níbí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé ẹgbẹ́ òṣèlú tí oníkálùkù wà ló pinnu ohun tí etí rẹ̀ gbọ́.

Àwọn bàbá wa ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Òwe yẹn gbà pé tí òótọ́ bá dé, àwọn èèyàn á dá a mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni AI ti fọwọ́ kan wa. Òótọ́ lè sá títí kó bá irọ́, kí àwọn tó dúró síbẹ̀ wá sọ fún un pé òun náà, iṣẹ́ AI ni. Ẹni tí èyí máa wúlò fún jù ni alágbára tí wọ́n ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń ṣe ohun tí kò dáa.

Ṣé ká ti ìlẹ̀kùn pa ni?

Àwọn kan á ní kí ìjọba fòfin de gbogbo rẹ̀. A ti gbìyànjú irú ẹ̀ rí. Láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, ìjọba Nàìjíríà ti Twitter pa. Ọ̀pọ̀ èèyàn gba VPN, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ ECOWAS ní ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu. Irọ́ kò dín kù nítorí rẹ̀.

Ohun tó ti ṣiṣẹ́ ni bíréèkì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, WhatsApp ní àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní ṣeé fi ránṣẹ́ sí ju ojú kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sọ pé irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Wọn kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Wọ́n kàn mú kí ó ṣòro díẹ̀ láti sáré ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, OpenAI náà ní àwọn ní ẹ̀rọ tó lè fi ohùn oníṣẹ́jú-àáyá 15 ṣe àdàkọ ohùn èèyàn, ṣùgbọ́n àwọn kò tíì ní gbé e síta fún gbogbo ayé nítorí ewu tó wà níbẹ̀. Àmọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ta irú rẹ̀ fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́

“Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe fi ránṣẹ́” kò yọ ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀bi. Ẹ gbìyànjú nǹkan wọ̀nyí:

• Ẹ wá orísun rẹ̀. Tí Póòpù bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 36 lóòótọ́, ìkànnì Vatican á ní in.

• Ẹ tẹ́tí sí àmì ohùn. Ẹ̀rọ ṣì máa ń ṣi ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ pè. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé èyí nìkan, torí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́.

• Tí ohùn ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ń béèrè owó ní kíákíá, ẹ pa ìpè náà, kí ẹ sì pe nọ́ńbà tí ẹ mọ̀. Ẹ tún lè ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí ará ilé nìkan mọ̀.

• Ẹ má pe fọ́nrán ní iṣẹ́ AI láìní ẹ̀rí. Ẹni tó bá ní ayédèrú ni gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní òótọ́ ni. Àwọn ẹ̀rọ tó ń dá AI mọ̀ pàápàá, ohun tó ṣeé ṣe ni wọ́n ń sọ, wọn kì í dájọ́.

Àkótán

Ṣé ìmọ̀ ẹ̀rọ ti sáré jù? Ẹ̀rí tí a rí fi hàn pé eré rẹ̀ nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tó ń ṣe irọ́ ti ṣíwájú ohun tó yẹ kó dá a dúró, ìyẹn òfin, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì, àti ìjọba tó ń sọ òótọ́ fún aráàlú kí àhesọ tó dé. Ìdìbò ọdún 2027 ń bọ̀, fọ́nrán á sì pọ̀. Àwọn kan á fẹ́ kí ẹ gba irọ́ gbọ́. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn yẹn, kí ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó máa fẹ́ kí ẹ má gba ohunkóhun gbọ́ mọ́.