Ta Ni Ó Gbẹ́ Ère Yìí? Ọ̀rọ̀ lórí Orúkọ Àwọn Agbẹ́gilére Ilẹ̀ Yewa

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ó ti ẹkùn Yewa àti Kétu lọ kò ṣọ̀wọ́n. Àkọlé tí ó sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀ ni pé iṣẹ́ Yorùbá ni, a kò mọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Àkọlé yìí kò sọ òdodo tán. Àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún agbẹ́gilére mọ orúkọ rẹ̀; ẹni tí ó ra ère náà lọ ni kò béèrè.

Àṣìṣe kejì wà tí ó burú ju èyí lọ. Orúkọ agbẹ́gilére tí ó lókìkí a máa sọ ère di ọ̀wọ́n lọ́jà. Nítorí náà, ó rọrùn fún òǹtajà láti fi orúkọ ńlá lé ère tí kò ní ẹlẹ́rìí. Àìmọ̀ ṣeé tún ṣe lọ́la, ṣùgbọ́n irọ́ tí ó bá ti wọ inú ìwé ṣòro í fà yọ.

Ojú lásán kò tó láti mọ ọwọ́ agbẹ́gilére. Lóòótọ́, oníkálukú ní bí ó ṣe ń gé ojú, etí àti ilà. Síbẹ̀, ọmọ-iṣẹ́ lè kọ́kọ́ la igi, kí ọ̀gá wá dán an, kí ó sì fín in. Ọmọ a sì máa gba ọnà lọ́wọ́ baba títí iṣẹ́ wọn yóò fi jọra. Ọ̀dà ara ère pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí tí ó dúró, nítorí pé wọ́n a máa tún un kùn bí ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá ń sún mọ́lé.

Irú ìṣòro yìí wà ní Yúróòpù pẹ̀lú. Ní Dresden, ní Jámánì, àwòrán kan wà tí ó fi Venus, òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Róòmù àtijọ́, hàn lójú oorun. Giorgione, tí ó kú ní ọdún 1510, ni a sábà máa ń dárúkọ mọ́ ọn. Ní ọdún 1525, Marcantonio Michiel rí i nínú ilé kan ní Venice, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Giorgione ni ó yà á, Titian ni ó parí rẹ̀. Pẹ̀lú àkọsílẹ̀ yìí náà, àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́ olúkúlùkù wọn.

Ní ilẹ̀ Yewa, àpẹẹrẹ rere kan wà. Ní ọdún 1950, William Bascom láti Amẹ́ríkà jókòó ti Duga, agbẹ́gilére Ìmẹ̀kọ, ó sì kọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Nítorí èyí, kò sí iyèméjì lórí àwọn ère tí ó gbẹ́ níṣojú rẹ̀. Ní Èkìtì, oríkì ni ó jẹ́rìí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ kú ní ọdún 1938. Ní ọdún 1988, John Pemberton gba oríkì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀. Oríkì náà dárúkọ àwọn ìlú tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà.

Àwọn kan lè wí pé ti gbogbo ìlú ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, pé orúkọ ẹnì kan kò já mọ́ nǹkan. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ń fi oríkì agbẹ́gilére ṣe?

UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé ní ọdún 2001. Ìkéde yẹn kò lè sọ ẹni tí ó gbẹ́ ère kan. Àwọn àgbà Ìlaròó, Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ ni ó kù tí a lè bi. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ béèrè pé: ta ni ó gbẹ́ ère yìí? Ọ̀dọ̀ ta ni ó ti kọ́ṣẹ́? Báwo ni ẹni tí ó ń sọ ọ́ ṣe mọ̀? Kí ó kọ ohun tí wọ́n fi ojú rí sọ́tọ̀, kí ó sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sọ́tọ̀. Níbi tí ẹ̀rí bá ti tán, kí ó fi àyè orúkọ sílẹ̀ lófìfo. Bí àgbà kan bá kú láìjẹ́ pé a bi í, òkùnkùn orí ère náà tún nípọn sí i.