Irúgbìn Kùkúńbà Àtijọ́ Yẹ Àgbàlá Wa

Ní Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, àdúgbò wo ni ọ̀gbìn inú àgbàlá ìbá tún yẹ ju Jẹ́ríkò lọ, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́ tí a ń pè ní NIHORT fìdí kalẹ̀ sí ní Ìdí-Ìṣin láti ọdún 1975? Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onílé ti fi sìmẹ́ńtì bo ilẹ̀ ọlọ́ràá, wọ́n wá ń ra kùkúńbà lọ́jà.

Èrò tèmi ni pé kí a gbìn ín, kí ó sì jẹ́ irú àtijọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń jọ ìyá. Nítorí irúgbìn inú agolo tí a ti ara irú méjì pò, bó ti wù kó so wọ̀ǹtìwọnti tó, ọmọ rẹ̀ kì í ṣe bí ìyá rẹ̀, ẹni tó gbìn ín yóò sì tún padà lọ rà lọ́dún tó ń bọ̀. Ta ló sì mọ̀ bóyá yóò rí i rà nígbà náà? Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún.

Láti pa irúgbìn irú àtijọ́ yìí mọ́, ẹ fi èso tó dára jù sílẹ̀ lórí ìtàkùn títí yóò fi pọ́n bí ìyeyè; ẹ fa irúgbìn rẹ̀ sínú abọ́ omi, kó kan fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta; èyí tó rì ni ojúlówó, èyí tó léfòó, ẹ dà á nù; ẹ ṣan ìyókù, ẹ sá a síbi ìbòòji.

Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò bá gbin irú mìíràn, oyin yóò po wọ́n pọ̀. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí: kí àwọn onílé Jẹ́ríkò fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí irú kan ṣoṣo, kí wọ́n sì máa pín irúgbìn rẹ̀ fún ara wọn.